Kí Iná Ọkọ̀ Tó Dé Ojú Awakọ̀

Bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjà lè tú, ilé lè dákẹ́, ṣùgbọ́n òpópónà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Bìní tó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú náà kọjá kì í sùn. Bọ́ọ̀sì akérò tó ti Èkó bọ̀ ń sáré lọ sí ìhà Òrè, tírélà elérù ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn, táńkà epo ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà láago mẹ́jọ alẹ́ yóò rí gbogbo oríṣi iná: èyí tó pọ́n bàìbàì bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ, èyí tó funfun tó ń gún ojú bí abẹ́rẹ́, èyí tó kọjú sókè bí ẹni ń ka ìràwọ̀. Ọkọ̀ olójú kan náà kò gbẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú á rò pé ọ̀kadà ni, á yà fún un níwọ̀n ọ̀kadà, kó tó rí i pé bọ́ọ̀sì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan gbé Toyota Corolla tókunbọ̀ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù rìwáyà ní ìlú náà. Kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tó fi sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi LED sí i. Bí mo bá ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ lálẹ́, bí ẹni ń fi ọwọ́ tálẹ̀ ni mo ṣe ń wa ọkọ̀.”

Rìwáyà tó dá a lóhùn ni ẹni tó kọ àròkọ yìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tú iná ọkọ̀ tó sì ń tò ó. Kò fọwọ́ kan gílóòbù. Ìka ló fi nu iwájú iná náà, ìka mọ́, ike kò mọ́. “Ọ̀gá mi,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí iná tẹ́ ẹ ní ń jò sí.”

Nítorí iná ọkọ̀ ní ìrìnàjò tirẹ̀. Ó gbéra láti bátìrì àti àtánétọ̀, ó gba inú fíùsì, súwíìsì àti wáyà gígùn dé ìdí gílóòbù. Òwú inú gílóòbù sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀, abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ darí ìmọ́lẹ̀ náà síwájú, ó la ike kọjá, ó kan ohun tó wà lójú ọ̀nà, ó padà wá, ó la gíláàsì iwájú ọkọ̀ kọjá, kó tó wọ ojú awakọ̀. Kò sí ibùdó kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tí kì í gba owó ibodè. Ìjẹ̀bú mọ ọ̀rọ̀ ibodè dáadáa. Ọ̀rọ̀ ta ló ń kọjá lójú ọ̀nà òwò àti ta ló ń gbowó níbẹ̀ wà lára ohun tó gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ja ogun Ìmàgbọn ní 1892. Ẹni tó bá ra gílóòbù ńlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìnàjò, tí kò wo àwọn agbowó tó wà lójú ọ̀nà, àwọn agbowó náà ló ra nǹkan fún.

Wáyà ni agbowó tí ojú kì í rí. Fóòtì 13.2 ni òṣùwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe gílóòbù halogen fi ń dán ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wò. Bí ìdá 10 nínú 100 bá yọ nínú fóòtì yìí, èèyàn á rò pé ìdá 10 náà ni ìmọ́lẹ̀ á fi dín kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdá 30 ló ń lọ. Bó bá já wá sí 10.5, ìmọ́lẹ̀ tó kù kò tó ìdajì. Nínú Corolla yẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn fóòtì ka 14.1 lórí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn gílóòbù òsì, 11.8 ló kà. Ibo ni ìyókù wà? Wọ́n bá a ní ìdí bóòtù kan ṣoṣo tó so wáyà dúdú mọ́ ara irin ọkọ̀: ìpáta ti jẹ ẹ́, ẹnì kan sì ti kun ọ̀dà lé e lórí nígbà tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin fi dán, wọ́n dè é le, wọ́n fi gírísì bò ó. Fóòtì gòkè dé 13.4. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, súwíìsì gan-an ló máa ń jìyà. Gílóòbù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 55 ń fa nǹkan bí ámípíà 9, gbogbo rẹ̀ á sì gba inú súwíìsì kékeré tó wà ní ìdí ìdarí ọkọ̀. Rílè ni oògùn rẹ̀. Èèyàn á fa wáyà tó nípọn tààrà láti bátìrì, á fi fíùsì sí i nítòsí bátìrì náà kí iná má bàa sọ bí wáyà bá bó, súwíìsì á wá di ẹni tó kàn ń pàṣẹ, tí kò ru ẹrù mọ́. Ẹni tó bá fo èyí, tó lọ ra gílóòbù wáàtì 100 dípò 55, yóò rí ìmọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gbóòórùn ike tó ń yọ́. Ẹni tó kọ èyí ti yọ ìdí gílóòbù tó ti yọ́ di ọ̀kan náà pẹ̀lú wáyà kúrò lára ọkọ̀ tó pọ̀ débi pé kò kà á mọ́.

Ibodè tó ń gbowó jù lọ nílẹ̀ wa ṣáá ni ike iwájú iná. Nígbà tí Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 ṣì jẹ́ ọba ọkọ̀ akérò, gíláàsì ló wà níwájú iná. Òkúta lè fọ́ ọ, àmọ́ kì í pọ́n. Amẹ́ríkà fàyè gba ike ní 1983, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì gbá a mú, torí ike fúyẹ́, òkúta kì í tètè fọ́ ọ, ó sì ṣeé mọ sí bátànì tó bá wù wọ́n. Polycarbonate ni ike náà, oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ máa ń kun nǹkan kan tó mọ́ gaara sí i lójú, tí yóò máa gba ìyà oòrùn fún un. Bí ìkunra yìí bá ti ṣí, ike á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á wá rí bí omi ògì. Tókunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá nílùú òyìnbó kó tó wá máa jókòó sínú oòrùn Ìjẹ̀bú láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni kò ní pọ́n lójú rẹ̀?

Ẹgbẹ́ awakọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA wọn irú iná bẹ́ẹ̀ ní 2018. Èyí tí ike rẹ̀ ti pọ́n kò mú ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí iná tuntun ń mú jáde. Nígbà tí wọ́n fọ ike náà, ó gòkè padà dé nǹkan bí ìdá 70. Ẹ wò ó dáadáa: kò sí gílóòbù halogen kankan lọ́jà tó lè sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, àmọ́ sáńpépà lè ṣe é.

Gbogbo ìlú ló ti mọ̀ ọ́n fọ̀ báyìí, tàbí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́. Ó ń dán, irọ́ kọ́, torí yẹ̀pẹ̀ kíkúnná wà nínú ọṣẹ ìfọyín. Kò sí ìkunra tó fi sílẹ̀ lójú ike ṣá, oòrùn á sì tún dé. Àwọn mìíràn ń fín oògùn ẹ̀fọn sí i. Ohun tó ń lé ẹ̀fọn nínú oògùn náà máa ń jẹ ike. Dídán tí wọ́n ń rí yẹn, ojú ike tó ń yọ́ ni. Àwọn tó dé kẹ́yìn ń se kẹ́míkà, wọ́n ń darí èéfín rẹ̀ sójú iná, ike á mọ́ gaara lójú ẹsẹ̀ bí idán. Èéfín yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ènìyàn, ọmọ tó ń ṣe é lẹ́bàá ọ̀nà kì í sì í bo imú.

Bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á lẹ bébà mọ́ ara ọkọ̀ yí iná ká, wọ́n á fi sáńpépà 800 olómi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sí 1000, sí 2000, sí 3000, omi ń dà lé e lórí ní gbogbo ìgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, iná á burú ju bó ṣe wà lọ; ibẹ̀ ni àyà oníbàárà máa ń já. Wọ́n á fi kọ́ḿpáùǹdì dán an. Ìgbà tó bá dán tán ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì, torí a gbọ́dọ̀ kun ìkunra aláìláwọ̀ tó ń dènà oòrùn sí i. Ibi tí wọ́n ti ń fi owó pamọ́ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni owó gbogbo ti ń ṣòfò. Èyí tí wọn kò kùn máa ń padà pọ́n láàárín oṣù díẹ̀.

Àmọ́ ẹ kíyè sí inú rẹ̀. Bí abọ́ dídán ẹ̀yìn gílóòbù bá ti ṣí, bí ẹni pé wọ́n bó o lára, fífọ ike kò lè ràn án lọ́wọ́, a kì í sì í fi aṣọ nu abọ́ náà, torí ohun tó ń dán lára rẹ̀ tín-ín-rín, aṣọ á kó o lọ. Iná mìíràn wà tí omi dúró nínú rẹ̀ débi pé ẹni tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ lè bèèrè pé ta ló rẹ gààrí Ìjẹ̀bú síbẹ̀. Irú ìyẹn, ká pààrọ̀ odindi rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan LED tí ọkùnrin yẹn bèèrè. Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ṣe pẹ̀lú LED kò níṣòro. Abọ́ rẹ̀ àti iná rẹ̀ mọ ara wọn láti ilé. Ohun tí wọ́n ń tà ní ọjà Ládípò ní Èkó àti ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo ni gílóòbù LED tí wọ́n ń kì bọ inú abọ́ tí wọ́n ṣe fún halogen. Àwọn tó ṣe abọ́ yẹn fi ìwọ̀n mìlímítà gbé e ka ibi tí òwú gílóòbù wà gan-an, òwú náà sì ń tàn yíká. LED ń tàn láti ẹ̀gbẹ́ méjì pẹlẹbẹ. Ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, apá kan á lọ sójú ẹni tó ń bọ̀, apá kan á dà sílẹ̀ níwájú táyà. Èyí tó dà síwájú táyà yìí ló ń tan awakọ̀ jẹ. Ilẹ̀ á funfun bí ọjà alẹ́, inú rẹ̀ á dùn, ọmọlójú rẹ̀ á sì sún kì nítorí ìmọ́lẹ̀ tó wà nítòsí, ibi jíjìn tó yẹ kó máa wò á wá ṣókùnkùn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí òjò wá rọ̀, tàbí kí eruku ọyẹ́ bo ọ̀nà, iná funfun yẹn á di aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú ọkọ̀.

Ojú ibi tí iná ń wò tún ṣe pàtàkì, ìtàn ló sì wà nídìí rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà ni dímù ọkọ̀ wa, ìyẹn iná tí a rẹ̀ sílẹ̀, ti gbọ́dọ̀ máa gòkè díẹ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún, kó fi ẹlẹ́sẹ̀ àti bèbè ọ̀nà hàn, kó sì tẹrí ba ní ọwọ́ òsì, kó má bàa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú. Iná tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Japan, níbi tí wọ́n ṣì ń gba òsì, ìdàkejì ló ń ṣe. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù mọ̀ ọ́n: bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọkọ̀ wọn kọjá sí Faransé, ike kékeré kan ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú iná kó má bàa gún ará ibẹ̀ lójú. Nílé níbí, ẹni tí iná rẹ̀ fọ́ á lọ sọ́jà, á ra èyí tó bá wọ ihò, kò ní bèèrè ibi tó ti wá. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí à ń ṣépè fún lálẹ́ pé wọn kò dímù, wọ́n dímù o. Iná wọn ni kò gbọ́ èdè apá ọ̀tún.

Ògiri ló ń tú àṣírí yìí. Ká gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ká jìnnà sí ògiri ní mítà 10, kí táyà kún bó ṣe yẹ, kí ẹnì kan jókòó sí ìdí ìdarí. Ká wọn gíga àárín iná sílẹ̀, ká fa ìlà sí gíga kan náà lára ògiri. Bí a bá tan dímù, òkè ìmọ́lẹ̀ yẹ kó wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ ìlà yẹn, ibi tó bá ti gòkè sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún. Sùkúrù tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà lẹ́yìn iná. Corolla yẹn, ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ti òsì ga ju ìlà lọ ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó ti kọlu nǹkan rí, wọ́n na ara rẹ̀, wọn kò wo iná rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fọ́ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ lójú, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ríran.

Kì í ṣe tókunbọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní 2016, àjọ IIHS tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò Amẹ́ríkà ń náwó fún dán iná ọkọ̀ tuntun 31 wò. Ẹyọ kan ṣoṣo, Toyota Prius v, ló gba máàkì “ó dára”. Èyí tó gbẹ́yìn pátápátá ni BMW 3 Series kan tó ní gílóòbù halogen. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wà á lálẹ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá nǹkan bí kìlómítà 56 ní wákàtí kan bó bá fẹ́ lè dúró kó tó kan ohun tí iná rẹ̀ fi hàn án.

Ìṣirò náà kò le. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bí mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí i, kí ẹsẹ̀ tó dé bíréèkì, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ, mítà 42 ti bá a lọ. Bíréèkì tó dára lórí ọ̀dà gbígbẹ á tún jẹ mítà 56. Ó di 98. Dímù ọkọ̀ lásán kì í sì í fi ohun dúdú hàn kọjá nǹkan bí mítà 50 sí 60. Ní kìlómítà 60, mítà 45 ni gbogbo rẹ̀, iná sì ká a. Ẹsẹ̀ tó wà lórí tọ̀ọ́tù ni sùkúrù kan ṣoṣo nínú gbogbo iṣẹ́ iná tí rìwáyà kò lè bá ẹnikẹ́ni tún ṣe.

Nínú àwọn ibodè tó kù, gíláàsì iwájú ọkọ̀ kò gba iṣẹ́ púpọ̀: ká máa nu inú rẹ̀ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ọlọ́ràá máa ń dúró sí, ká sì pààrọ̀ wípà kó tó ha á. Ojú èèyàn ló kù. Ẹni ọgọ́ta ọdún nílò ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ ogún ọdún kó tó rí ohun kan náà lálẹ́, bí iná bá sì fọ́ ọ lójú, ó ń pẹ́ kí ojú tó padà bọ̀ sípò. Bàbá kan mú ọkọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹta fún iná kan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, rìwáyà rọra sọ fún un pé, “Bàbá, ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ rí oníṣègùn ojú.” Àwọ̀ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí fúlù, ìyẹn iná tí wọn kò dímù, bá sì dójú kọ, kó má fi fúlù tirẹ̀ san án. Afọ́jú méjì ló máa kù lójú ọ̀nà. Kó sọ ojú sí ìlà funfun tó wà ní bèbè ọ̀tún, kó dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ̀ọ́tù, títí ẹni tó ń bọ̀ á fi kọjá.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1988, Wọlé Ṣóyínká, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà ní Rẹ́mọ, ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́, iná ọkọ̀ sì wà lára ohun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń yẹ̀ wò. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ ni pé ọ̀sán ni wọ́n sábà máa ń dá ọkọ̀ dúró. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó bá ti pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò MOT lọ́dọọdún, wọ́n sì ń wo ibi tí iná rẹ̀ kọjú sí. Ògiri ni wọ́n ń lò, bíi tiwa. Tiwọn kàn wà lórí ẹ̀rọ ni.

Corolla yẹn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì láìgba LED kankan. Wọ́n fọ ike rẹ̀, wọ́n kùn ún, wọ́n ha ìdí wáyà dúdú, wọ́n pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì sí wáàtì 55 tuntun láìfi ọwọ́ kan gíláàsì wọn, torí òróró ara èèyàn ń pa á, wọ́n sì tún ojú òsì ṣe. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà pè láti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, èyí tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, wá ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ó ní òun ń rí ewúrẹ́ kí ewúrẹ́ tó rí òun.

Ọ̀nà Òrè, òpópónà márosẹ̀ tí kì í sùn yẹn, ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí tírélà bá bàjẹ́ síbẹ̀, ẹ̀ka igi tútù ni ọmọ ọkọ̀ sábà máa ń já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ dípò C-caution, àmì onígun mẹ́ta tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tírélà náà kò sì ní iná ẹ̀yìn. Ewé tútù kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà. Kò sí bí a ṣe tún iná ọkọ̀ ṣe tó tó lè fi ẹ̀ka igi dúdú lórí ọ̀dà dúdú han ẹni tó ń sá 100. Rìwáyà tó tún Corolla yẹn ṣe kì í gba ọ̀nà Òrè lálẹ́. Bó bá níbi í lọ, aago mẹ́fà àárọ̀ ló ń gbéra.